Má Jẹ́ Kó Dá Sunkún

 Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ máa ń kọ́kọ́ ṣí ojú ewé yìí kí ẹ tó ka ìwàásù, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ oṣù Fẹ́búárì yìí wà fún, ṣùgbọ́n kí àwọn àgbà má ṣe torí ìyẹn kọjá lọ o. Wọ́n ní ìpín tiwọn níbẹ̀.

Ẹ kà: 1 Sámúẹ́lì 1:1-18.

Ẹni tó bá gba ìlú Àkúrẹ́ kọjá ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù yìí yóò rí i pé ìlú ti wọ pupa. Láti Ọjà Ọba títí dé Alágbàka, àti ní ẹnu géètì Yunifásítì FUTA, àwọn ọlọ́jà á ti pàtẹ òdòdó, káàdì, ṣokoléètì àti apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn tí wọ́n fi ọ̀rá dídán wé. Rédíò á máa kọ orin ìfẹ́ láti àárọ̀. Bó bá wá di ọjọ́ kẹrìnlá, tí wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Fálẹ́ńtáìnì, fóònù á kún fún àwòrán: ẹni tí wọ́n ra aago fún, ẹni tí wọ́n gbé jáde lọ jẹun, ẹni tí ọkùnrin kúnlẹ̀ fún tó sì na òrùka sí.

Ẹ̀yin ará, a kò kọ èyí láti bá ẹni tó ń yọ̀ jà. Bí ọkọ bá ra ẹ̀bùn fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ìyàwó gbà á tọpẹ́tọpẹ́. Ó sàn ju ọkọ tí kì í ra nǹkan kan láti ọdún dé ọdún lọ. Ẹlòmíràn ló wà lọ́kàn wa. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, lẹ́yìn aago mẹ́wàá, fóònù àwa pásítọ̀ náà máa ń dún. Ẹni tó pè kì í tètè sọ̀rọ̀. Mímí rẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ọ́: "Sà, ó ní òun kò ṣe mọ́."

Kí ni ká sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ìgbà kan wà tí a rò pé a mọ̀ ọ́n. A fẹ́ sọ fún yín bí a ṣe kọ́ ọ pé a kò mọ̀.

ẸNI TÍ ỌJỌ́ NÁÀ Ń JẸ́ ORÚKỌ RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọjọ́ náà fún ohun tó jẹ́, kó má bàa dẹ́rù bà wá ju bó ti yẹ lọ. Fálẹ́ńtáìnì jẹ́ Kristẹni kan tí wọ́n pa ní Róòmù nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 270. Ohun tó dájú tí a mọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀, débi pé ní ọdún 1969, Ìjọ Kátólíìkì yọ àjọ̀dún rẹ̀ kúrò nínú kàlẹ́ńdà gbogbogbòò wọn. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1380, kí akéwì kan ní Ìlú Ọba, Geoffrey Chaucer, tó kọ ewì nípa àwọn ẹyẹ tó ń yan ẹnìkejì wọn lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1850, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Esther Howland, ti ń ṣe káàdì rẹ̀ tà, ó sì ń rí owó níbẹ̀ dáadáa.

Ẹ rí i báyìí: orúkọ Kristẹni tí wọ́n pa, ewì nípa ẹyẹ, àti ọgbọ́n àwọn oníṣòwò, àwọn ló di ọjọ́ náà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó lórí àga ìdájọ́ kó sọ fún ọmọ ènìyàn pé kò níye lórí torí pé ẹnikẹ́ni kò ra òdòdó fún un.

ẸYỌ MẸ́FÀ, ẸYỌ MẸ́JỌ

Kí káàdì tó dé ilẹ̀ wa, àwọn bàbá wa ní tiwọn. Ọmọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọmọbìnrin lè fi ẹyọ owó mẹ́fà ṣe àrokò ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀fà, ìyẹn ni pé ọkàn mi ń fà sí ọ. Bó bá tẹ́ ọmọbìnrin náà lọ́rùn, yóò fi mẹ́jọ dá a lóhùn. Ẹ̀jọ, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Lẹ́yìn náà ni alárinà yóò bẹ̀rẹ̀ sí rìn, ìdílé méjèèjì yóò ṣe ìwádìí, wọn yóò tọrọ, wọn yóò dána. Ní ìlú Oǹdó, wọ́n ní ayẹyẹ Òbítún fún àwọn ọmọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ. Wọ́n á ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀, ẹbí àti ẹgbẹ́ á máa bá wọn jó. Àwa onígbàgbọ́ kò lè bá wọn lọ́wọ́ nínú gbogbo ètò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan: ẹbí ọmọ náà ló kọ́kọ́ bọlá fún un, kí ọkùnrin kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀.

A kò sọ pé ayé àtijọ́ dára tán o. Wọ́n fipá fún àwọn ọmọ ní ọkọ, omijé àwọn náà kò kéré. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé ìfẹ́ ọmọ méjì. Bó bá wó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà nítòsí tí yóò gbé ẹni tó ṣubú dìde. Lónìí, àárín fóònù méjì ni ìfẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀, nínú yàrá tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ra.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ OǸDÓ

Ní ọdún 1999, a jẹ́ igbákejì pásítọ̀ ní ìlú Oǹdó. A kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, a sì rò pé kò sí ìṣòro tí a kò ní ẹsẹ fún. Ọjọ́ Fálẹ́ńtáìnì ọdún yẹn bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n dìbò ààrẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tọrọ àyè pé kí àwọn wọ pupa àti funfun, kí àwọn sì kọ orin àkànṣe nípa ìfẹ́ Ọlọ́run. A gbà fún wọn.

Arábìnrin kan wà láàárín àwọn akọrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Arákùnrin kan tó jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Òkè Ọya ló ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Wọ́n ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ ní oṣù Kejìlá, wọ́n sì ti fi ìgbéyàwó sí ìgbà Àjíǹde. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù, awakọ̀ kan mú lẹ́tà wá fún un láti gáréèjì. Kò tíì sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ àwa mẹ̀kúnnù nígbà náà. Ojú ewé kan péré ni lẹ́tà náà. Arákùnrin náà ní òun ti rí ẹlòmíràn níbi tí òun wà, kó má bínú, kó sì bá òun sọ fún àwọn òbí rẹ̀.

Kò sọ fún wọn. Ó wọ aṣọ pupa, ó wá sí ilé ìsìn. Ní àárín orin, ohùn rẹ̀ gé. Ó fọwọ́ bojú, ó bú sẹ́kún lójú gbogbo ìjọ, ó sì sáré jáde.

Lẹ́yìn ìsìn, a ránṣẹ́ pè é. Ó ròyìn fún wa. Ká sọ òtítọ́, ohun tó dùn wá jù lọ́jọ́ náà ni pé orin dàrú níwájú àwọn àlejò. A ní, "Arábìnrin, ọmọ Ọlọ́run kì í sunkún nítorí ọkùnrin. Nu ojú rẹ. Bí ìyẹn ti lọ, èyí tó dára jù ú lọ ń bọ̀. Máa dúpẹ́." A ka ẹsẹ méjì fún un, a gbàdúrà tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, a sì lọ bá àwọn alàgbà ní ìpàdé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó lọ. A rò pé a ti ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, màmá àgbà kan nínú ìjọ, opó tó ń ta èlùbọ́, wá bá wa. A ní kó jókòó, kò jókòó.

Ó ní, "Pásítọ̀ wa, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbàdúrà fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ Ìsinmi."

A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ǹjẹ́ ẹ bi í bóyá ó ti jẹun?"

A kò bi í. Ó ti di ọjọ́ karùn-ún tí ọmọ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan sẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́ kò jìnnà sí ìsọ̀ màmá, nígbà tí màmá kò sì rí i láti ọjọ́ Ajé, ó wá a lọ sílé. Ó bá a nínú yàrá, ó dojú kọ ògiri. Ó ń sọ pé ayé ti sú òun, pé bí ilẹ̀ bá mọ́ tàbí kò mọ́, ọ̀kan náà ni lójú òun. Kí màmá tó wá bá wa, ó ti mú un lọ sí ilé ara rẹ̀.

Òru mọ́kànlá ni màmá fi tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń sunkún kì í dá sùn. Ògì gbígbóná ló kọ́kọ́ ń fún un, ṣíbí kan, ṣíbí méjì, títí ó fi lè jẹ iyán. Ó jẹ́ kó sọ ìtàn kan náà ní àsọtúnsọ. Kò fi ìgbà kan sọ fún un pé "o ti sọ èyí lánàá." Bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́n, á ní kó sun ún. Bó bá ti sùn lọ, á máa gbàdúrà lé e lórí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé ajọ̀ fún un pé kó máa bá òun kù èlùbọ́, nítorí ọwọ́ tó bá dilẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọkàn rìn jìnnà.

A bi màmá léèrè pé kí ló dé tí kò sọ fún ọmọ náà pé kó gbàgbé. Ó ní, "Pásítọ̀, ìfẹ́ tó kú, òkú ni. Òkú tí a kò sunkún rẹ̀, tí a kò sin, inú ilé ni yóò jẹrà sí."

Àwa àti màmá jọ lọ bá bàbá ọmọ náà. Inú bí i gidigidi. Ó ní ọmọ náà ti dójú ti òun lójú àwọn ará àdúgbò tó ti wá jẹ ìrẹsì mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Màmá dá a lóhùn pé, "Bàbá, ọmọ yín kọ́ ló kọ lẹ́tà." Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn àgbà ìdílé méjèèjì pàdé, wọ́n dá ohun tó yẹ kí wọ́n dá padà, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà láìsí èpè. Àwa náà lọ jókòó sórí ẹní màmá, a bẹ ọmọ náà pé kó dárí jì wá.

Ọjọ́ tí màmá mọ̀ pé ara rẹ̀ ti ń yá ni ọjọ́ tó bá màmá jà nítorí ata. Ó ní ata inú ọbẹ̀ ti pọ̀ jù. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó ti padà dé."

A mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ gbọ́ bóyá ó lọ́kọ. Ó lọ́kọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Àkúrẹ́ níbí ni wọ́n ń gbé, ó ní ilé ìránṣọ tirẹ̀, òun ló sì fún wa láyè láti kọ ìtàn yìí, bí a kò bá ṣáà ti dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọkọ ló wò ó sàn. Ara rẹ̀ ti yá kí ọkọ tó dé. Màmá náà ti sùn nínú Olúwa.

ÀWA NI ÉLÌ

Nígbà tí a padà ka 1 Sámúẹ́lì orí kìíní, a rí ara wa níbẹ̀, kì í sì í ṣe ní ipò tí a fẹ́. Ọdọọdún ni Ẹlikénà ń kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Ṣílò. Ọjọ́ àjọ̀dún ni, ọjọ́ ẹran àti ìpín. Ọjọ́ náà gan-an ni ọkàn Hánà máa ń bàjẹ́ jù, nítorí ọjọ́ náà ni Pẹ̀nínà máa ń fi àìrọ́mọbí rẹ̀ gún un lára. Yóò máa sunkún, kò ní jẹun. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́: ọjọ́ tí gbogbo ayé ń yọ̀ lè jẹ́ ọjọ́ tí ọgbẹ́ ẹlòmíràn máa ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bi í ni bóyá òun kò sàn fún un ju ọmọ mẹ́wàá lọ. Ó fi ara rẹ̀ ṣe ìdáhùn dípò kó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ti Élì àlùfáà, ó rí i tí ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn, ó sì kà á sí ọ̀mùtí. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run rí omijé, ó pè é ní ọtí. Àwa ni Élì lọ́dún 1999.

Ṣùgbọ́n ẹ yin Élì fún ohun kan. Nígbà tí Hánà ṣàlàyé, ó gbọ́, ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó sì súre fún un. Ẹsẹ kejìdínlógún fi yé wa pé obìnrin náà kúrò níbẹ̀, ó jẹun, ojú rẹ̀ sì tújú ká. Kò tíì lóyún nígbà náà o! Sámúẹ́lì kò tíì dé. Ó ti tú ọkàn rẹ̀ jáde níwájú Ọlọ́run, ènìyàn kan sì ti gbọ́ ọ nígbẹ̀yìn, èyí ló jẹ́ kó lè jẹun.

ÌRORA NÁÀ KÌ Í ṢE ERÉ

Àwọn kan á ní, "Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán!" Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Ní ọdún 2011, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe lára ogójì ènìyàn tí olólùfẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn bí wọ́n ti ń wo àwòrán ẹni náà. Àwọn ibì kan nínú ọpọlọ tó máa ń ṣiṣẹ́ bí nǹkan gbígbóná bá kan ara ènìyàn ni wọ́n rí tó ń ṣiṣẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1990 sì ni àwọn dókítà ní Jàpáánù ti ṣàpèjúwe àìsàn ọkàn kan tí ìbànújẹ́ òjijì lè fà. Apá kan ọkàn á wú, kò ní lè tu ẹ̀jẹ̀ bó ti yẹ, àyà á sì máa dun ẹni náà. Àwọn obìnrin tó ti dàgbà ló ń ṣe jù, ọ̀pọ̀ wọn sì ń sàn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn bàbá wa tó pè é ní ọgbẹ́ ọkàn kò sọ àsọdùn.

ỌKÙNRIN NÁÀ Ń SUNKÚN

Kì í ṣe àwọn ọmọbìnrin nìkan ni èyí ń bá. Ẹ rántí oṣù Fẹ́búárì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, tí owó wọ́n bí ojú, tí gbogbo wa ń tò ní báńkì láti ìdájí. Ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkúrẹ́ níbí tò láti aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kẹrìnlá kó lè rí owó ra ẹ̀bùn. Nígbà tó gbé ẹ̀bùn náà dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń fẹ́, ó bá ọkùnrin mìíràn níbẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé kò sí àyè fún un mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣe àwàdà. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò lọ sí kíláàsì, bàbá rẹ̀ sì ń pariwo pé ó ti ya ọ̀lẹ.

Ìyá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ wa. A kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. (Ẹ rí i pé a ti kọ́gbọ́n díẹ̀.) Ó sunkún pẹ́ títí kó tó lè sọ̀rọ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ ni pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá mi pé mo sunkún."

Ẹ̀yin bàbá, ta ló kọ́ àwọn ọmọkùnrin wa pé akọ kì í sunkún? Dáfídì jagunjagun sunkún. Jésù Olúwa wa sunkún níbi ibojì Lásárù (Jòhánù 11). Ọmọkùnrin tí kò ráyè sunkún nílé lè wá ibi tí yóò gbé e lọ, bóyá sínú ìgò ọtí, bóyá sínú ìbínú tí yóò fi ṣe ọmọ ẹlòmíràn léṣe.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Sí ìwọ tí ọkàn rẹ gbọgbẹ́. Èkíní, yan ènìyàn kan tó ṣe é fọkàn tán, kí o sì sọ fún un kí ọjọ́ kẹrìnlá tó dé. Má dá wà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Èkejì, jẹun, wẹ̀, sùn, kódà bí kò bá wù ọ́. Ẹ̀kẹta, gbé fóònù rẹ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní alẹ́ náà. Àwòrán ẹni tó fi ọ́ sílẹ̀ kò ní wò ọ́ sàn, ọ̀rọ̀ tí o bá sì fi ránṣẹ́ ní aago méjì òru, wàá kábàámọ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀kẹrin, di àwọn ẹ̀bùn àti àwòrán rẹ̀ sínú páálí, gbé e fún ẹlòmíràn tọ́jú. Má fi ìbínú sun ún. Ohun tó bá sì jẹ́ ti ìdílé, jẹ́ kí àwọn àgbà dá a padà. Ẹ̀karùn-ún, má sáré gba ẹlòmíràn kí omijé tó gbẹ. Má sì gbé owó rẹ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà wọ sùtánà, tó ní òun yóò fi agbára àdúrà fà á padà fún ọ. Ìfẹ́ tí a fi okùn fà kì í dúró.

Bó bá ṣeé ṣe, fi ọjọ́ náà ṣe nǹkan fún ẹni tí kò ní ẹnì kan. Bẹ opó kan wò, tàbí aláìsàn kan ní ilé ìwòsàn. Má ṣe é láti fi gbàgbé, ṣe é kí ọwọ́ rẹ lè rí nǹkan gbé.

Sí ẹ̀yin òbí. Ẹ má sọ pé, "A ti sọ fún ọ." Bí ẹ tilẹ̀ ti sọ, ẹ dúró ná. Ẹ gbé oúnjẹ wá, ẹ jókòó tì í. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú ojú ayé tóbi lójú yín ju ọmọ yín lọ.

Sí ẹni tó fẹ́ fi ẹnìkejì sílẹ̀. Àdéhùn kì í ṣe ìgbéyàwó. Bí o bá ti rí i pé kò lè ṣeé ṣe, ó sàn kí o sọ ọ́ báyìí ju kí o gbé e dé iwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n lọ bá a lójúkojú. Má fi lẹ́tà ránṣẹ́, má fi WhatsApp ránṣẹ́, má sì jẹ́ kí òun ni yóò lọ jíṣẹ́ rẹ fún àwọn òbí rẹ̀. Rán àwọn tìrẹ lọ. San gbèsè tí o bá jẹ ẹ́.

Sí ìjọ, àti sí àwa pásítọ̀. Bí a bá ń ṣe ètò ìfẹ́ lọ́jọ́ náà, kí a má ṣe ní kí àwọn tí kò tíì lọ́kọ tàbí láya dìde dúró. Kí a má bi wọ́n ní gbangba pé ìgbà wo la ó jẹ ìrẹsì wọn. Ó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń gún wọn lára.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù, ó wúwo. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn ènìyàn, ẹ má ṣe pè é ní eré, ẹ má sì bá a jiyàn. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ro láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yìí kọ́ ni yóò fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì UNIMED wà ní Oǹdó. Ẹni tó lọ rí dókítà kò sọ ìgbàgbọ́ nù. Ẹ gbàdúrà bí ẹ ti ń gbé e lọ.

Ẹ̀yin ará, bí a bá ti wo ẹ̀yìn, a kò rántí ohun tí a wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn ní Oǹdó. Ìbéèrè màmá ni a kò gbàgbé. Nítorí náà, ní oṣù yìí, bí ẹ bá mọ ẹnìkan nínú ilé yín, ní àdúgbò yín, tàbí lórí àga tó wà níwájú yín nílé ìsìn, tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé yóò dára. Ẹ lọ bá a. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Olúwa, ìwọ tó gbọ́ Hánà nígbà tí àlùfáà rẹ kò gbọ́, gbọ́ àwọn ọmọ wa tó ń sunkún lóṣù yìí. Má jẹ́ kí wọ́n dá sunkún. Fi wá ránṣẹ́ sí wọn, kí o sì dí wa lẹ́nu títí a ó fi gbọ́ wọn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Olúwa yóò pa ìdílé wa mọ́ o.